Táńkì Tó Lọ sí Ìkórè

Nígbà tí Balqees Súbérù kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì, gbogbo àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ pé ó ti di ẹnjiníà. Irú ẹnjiníà tó jẹ́ gan-an ni kò yé ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáànù tí kò yí mọ́ wá fún un, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta wá, wọ́n tún gbé jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ké bí ewúrẹ́ wá. Ó tú fáànù palẹ̀, ó tò ó padà, àwọn nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́kù sílẹ̀ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti jáde wá. Ìyá rẹ̀, Alhaja Sìlífátù, tó ń ta ẹja yíyan, rí i pé ojú fẹ́ máa ti àwọn, ló bá mú àlàyé lẹ́nu.

"Ọmọ mi kì í tún nǹkan ṣe o. Àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ló ń darí."

"Tó bá ń darí wọn, kí ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ń wò wọ́n."

"Wọ́n á wá máa sanwó fún un torí pé ó ń wo èèyàn?"

Alhaja á máa yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná, torí ohun tí òun náà fẹ́ bi ọmọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ká sọ òótọ́, kò tíì sí ẹni tó ń san ohunkóhun fún Balqees nígbà náà. Ó ti sìnrú ìlú tán, ó ti kọ lẹ́tà wáṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń kọ "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n" fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń fọ epo pupa ní Ìkòròdú ló wá pè é. Ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n fẹ́ gbà á sí. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ tuntun, tàbí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀, ẹ̀ka yìí ló ń rí i pé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, pé ó parí, pé kò sì wó lu ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Ẹnjiníà Adélàjà ni ọ̀gá ẹ̀ka náà. Ọkùnrin kúkúrú ni, akoto iṣẹ́ kì í kúrò lórí rẹ̀, kódà nínú ọ́fíìsì, ó ní òun ò fọkàn tán òrùlé tí òun kò bá wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kàn án. Ó bi Balqees ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń fa iṣẹ́ nílẹ̀, kí lo máa ṣe?"

Balqees ti ka ìwé rẹpẹtẹ lórí ìbéèrè yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló sá kúrò lórí rẹ̀ pátá.

"Màá bẹ̀ wọ́n, sà."

"Tí wọn ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Màá lọ jókòó tì wọ́n."

Adélàjà rẹ́rìn-ín títí akoto fi bò ó lójú. Bó ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn.

Ó gba yàrá kan sí Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, bíbẹ̀ àti jíjókòó tini náà ló fi ṣe iṣẹ́ jẹ. Ó máa ń pe ẹni tó fẹ́ kó irin wá, ó máa ń pe ẹni tó fẹ́ da kọnkéré, ó máa ń pe wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ èdè wọn. Ẹni tó bá sọ pé òun ti wà ní ibùdókọ̀ Benson nítòsí, kò tíì wẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ti ń wọlé bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé, "Ẹnjiníà, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ̀rù tónítọ̀hún ló máa ń ba Balqees jù lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, iléeṣẹ́ náà fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí Ẹ̀pẹ́. Adélàjà pe Balqees wọlé, ó ní òun fẹ́ gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Táńkì epo kan ni, tí wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀ ní Ìkòròdú, tó sì gbọ́dọ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Táńkì ọ̀hún funfun, ó tóbi bí ilé tó sùn sílẹ̀. Kò lè gba ojú títì, torí wáyà iná á ha á lórí, ìyànà á sì ha á ní ẹ̀gbẹ́. Orí ọ̀sà ló kù.

Balqees ṣe ètò. Ó ya ètò náà sínú kọ̀ǹpútà bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀: ibi tí nǹkan bá ti ń lọ dáadáa, àwọ̀ ewé, ibi tó bá ti ń falẹ̀, àwọ̀ ìyeyè, ibi tí wàhálà bá wà, pupa. Ó ní kí wọ́n fi pákó kọ́ èbúté onígbà díẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí táńkì máa gúnlẹ̀ sí. Ó bá Yasir sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń kó iyanrìn lórí ọ̀sà. Gbogbo ètò náà tutù yọ̀yọ̀ bí oko ẹ̀fọ́. Balqees tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, ó ń wò ó kó tó sùn.

Ní ọjọ́ tí táńkì gbéra, Balqees gba ojú títì lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó lè pàdé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dúró dè é létí omi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí ó ti sọ fún gbogbo ọjà pé ohun tí ọmọ òun ń darí ń bọ̀. Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ dé, òjò tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó dá, ọkọ̀ Yasir yọ lókèèrè. Ó ń sún mọ́ wọn, ó ń sún mọ́ wọn, ó sì pẹrẹsẹ bí ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Yasir, táńkì dà?"

"Ẹnjiníà, ẹ fọkàn balẹ̀."

Balqees tún wo orí ọkọ̀ náà.

"Táńkì dà?"

"Afẹ́fẹ́ já okùn. Ó bọ́ sínú ọ̀sà."

"Ó rì?"

"Kò rì o! Inú rẹ̀ ṣófo, ẹnu rẹ̀ dé, kò lè rì. Ó léfòó ni. Ó ń lọ."

"Ó ń lọ síbo?"

Yasir nu ojú rẹ̀. "A ò ráyè bi í."

Àwọn ọ̀rẹ́ Alhaja wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sìlífátù, èyí tí ó ń darí nìyẹn?"

Fóònù dún. Adélàjà ni.

"Balqees, báwo ni táńkì?"

"Ó ti kúrò ní Ìkòròdú, sà."

"O káre! Ó ti dé Ẹ̀pẹ́?"

"Kò tíì dé, sà."

"Á jẹ́ pé ó wà lójú ọ̀nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà lójú ọ̀nà... ti ara rẹ̀."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e kó tó ṣàlàyé, Balqees kò sì tètè pè é padà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè tún ètò náà kùn, ṣùgbọ́n kò rí àwọ̀ kankan tó wà fún ohun tó ń léfòó kiri. Ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì lọ sùn láìjẹun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yasir pè é pé wọ́n ti rí táńkì. Ó wà ní Ìdáǹdè, abúlé apẹja kan tó wà létí ọ̀sà. Àwọn Ìlàjẹ tó ṣí wá láti etíkun Oǹdó ló tẹ̀ ẹ́ dó, orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn lé, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni gbogbo wọn. Balqees bọ́ sínú ọkọ̀ Yasir, wọ́n kọrí síbẹ̀.

Wọn ò ní láti wá táńkì nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ síwájú ilé ìjọsìn, ó ń dán nínú oòrùn, àwọn ẹyẹ funfun sì ti to ara wọn sí orí rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ó ti kọlu afárá pákó tó lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn dé orí ilẹ̀, ó sì ti fọ́ ọ yángá. Àwọn obìnrin ń wọ́ omi dé ìbàdí, ẹrù lórí, kí wọ́n tó dé ilé Ọlọ́run.

Bàbá kan nínú aṣọ funfun ló gbà wọ́n lálejò. Alàgbà Nathaniel ni, olórí ìjọ àti olórí abúlé. Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì dún ju gbohùngbohùn lọ. Ìyá Lois ni wọ́n ń pè é, òun ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè.

Balqees kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ kúulé o, sà. Ẹ kúulé, mà. Táńkì tó wà níta yẹn, iléeṣẹ́ wa ló ni ín. Afẹ́fẹ́ ló gbé e."

Ìyá Lois wò ó láti orí híjáàbù dé bàtà iṣẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ọ̀sẹ̀ tí a wà? Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni. Láti ọdún tó kọjá ni a ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán ohun ńlá sí ìkórè wa. Lọ wò ó níta. Ṣé kékeré ni?"

"Kì í ṣe kékeré, mà. Àmọ́ orúkọ iléeṣẹ́ wa wà lára rẹ̀."

"Apá ibo?"

Balqees yọjú síta. Ó yọjú lápá ọ̀tún, ó yọjú lápá òsì.

"Ó wà nísàlẹ̀, mà. Nínú omi."

"Orúkọ tó wà nínú omi, ẹja ló ń kà á."

Alàgbà Nathaniel kò fẹ́ ìjà. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé òun gbà pé ọmọ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n òun ti kéde lórí pẹpẹ pé ẹ̀bùn ìkórè ni, gbogbo ìjọ sì ti ké Halelúyà mọ́ ọn. Kò sí bí òun ṣe lè lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá Halelúyà padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn yóò tà á ní gbànjo pẹ̀lú àwọn ẹrù ìkórè yòókù. Kí ó wá rà á. Ó tún ní kó tètè dé, torí Ajíbóyè, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ní Ẹ̀pẹ́, ti wá fi ọwọ́ kàn án, ó ti mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Yasir ní kí àwọn pe ọlọ́pàá. Balqees rò ó wò. Tí ọlọ́pàá bá dé, táńkì á di ẹ̀rí. Tó bá sì di ẹ̀rí, irun òun á funfun kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn obìnrin tó ń wọ́ omi. Ọ̀kan nínú wọn yọ̀, garawa ọsàn tó rù dà sínú ọ̀sà, ọsàn ń léfòó kiri, gbogbo wọn sì ń sá tẹ̀ lé e. Balqees mú okùn ìwọ̀n jáde nínú àpò rẹ̀. Ó wọn ibi tí afárá náà wà láti ẹnu ọ̀nà dé orí ilẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó pe Adélàjà fúnra rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Adélàjà ní kó tún un sọ.

"Wọ́n fẹ́ ta táńkì wa fún wa?"

"Ní ìkórè, sà."

"Mò ń bọ̀."

Balqees mọ ohun tí "mò ń bọ̀" túmọ̀ sí. Kò fọkàn sí i.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, òun àti ìyá rẹ̀ dé Ìdáǹdè, wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Alhaja ló ní òun máa tẹ̀ lé e, ó ní òun ti ń ná ẹja láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge, ọmọ òun kò sì mọ nǹkan ná. Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ọ̀pẹ òyìnbó, wọ́n ta ewúrẹ́ kan tó ń jẹ òdòdó tí wọ́n fi ṣe ilé ìjọsìn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá Lois ló ń tà á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí. Alhaja fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Obìnrin yìí mọṣẹ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Má sáré o. Ṣe bíi pé o ò fẹ́ ẹ."

"Ó kan ẹ̀bùn tó gba orí omi wá!" Ìyá Lois kígbe. "Ta ni yóò gbà á?"

Ajíbóyè dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó dárúkọ owó kan. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà. Balqees náà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò mú owó wá. Afárá ni mo mú wá."

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Láti ẹnu ọ̀nà yìí dé orí ilẹ̀. Pákó tó nípọn. Èèyàn méjì tó ru ẹrù lè pàdé lórí rẹ̀ láìfara kan ara wọn. Ó máa ní ibi ìdìmú kí àwọn àgbà má bàa ṣubú. Pákó èbúté wa ní Ẹ̀pẹ́ ni a ó fi ṣe é. Tí táńkì bá ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, a ò nílò èbúté yẹn mọ́."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Ajíbóyè fi kún owó rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnìkan ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo fi kún un!"

Adélàjà ni. Ó dé lóòótọ́. Akoto wà lórí rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti funfun nítorí ìgbì ọ̀sà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ dá a dúró pé kò lè wọ bàtà wọlé. Ó tú okùn bàtà ńlá náà, ó fà á títí, ó bọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ya ní àtàǹpàkò. Ó wọlé bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sókè.

"Iye yòówù tí bàbá yẹn bá pè, mo fi kún un!"

"Ṣé lórí owó, àbí lórí afárá?" Ìyá Lois bi í.

"Lórí gbogbo rẹ̀!"

Alhaja Sìlífátù fò dìde. "Ta ni bàbá alákoto yìí? Ṣé kò rí ọmọ mi tó ń rà á ni?"

"Màámi, ọ̀gá mi ni."

"Ọ̀gá rẹ? Kí ló wá dé tó ń bá ọ du táńkì?"

"Sà," Balqees sọ, "èmi ni mò ń rà á."

"Èmi náà ni mò ń rà á!"

"Iléeṣẹ́ kan náà ni wá, sà!"

Adélàjà wo Balqees, ó wo Ajíbóyè, ó wo ìjọ. Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Lois ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́.

"Ẹ má dá wọn lẹ́kun o! Ọmọ náà mú afárá wá, ọ̀gá rẹ̀ fi owó lé e. Ìjọ gba méjèèjì!" Ó gbá tábìlì. "Ó tán! Ó di tiwọn!"

Halelúyà tó tẹ̀ lé e lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí táńkì. Ajíbóyè jókòó, ó ní òun ò lè bá àwọn èèyàn tó ń ra ẹrù ara wọn ná nǹkan, ó sì ra ewúrẹ́ náà kó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn obìnrin ìjọ fi ìrẹsì bọ́ Adélàjà, Alàgbà Nathaniel gbàdúrà lé e lórí, lórí akoto náà, torí ó kọ̀ láti ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja Ìdáǹdè fi ọkọ̀ wọn ran Yasir lọ́wọ́. Balqees dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó ń pàṣẹ fún wọn, okùn ti ọ̀tún, okùn ti òsì, títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n fa táńkì, ó yí padà, orúkọ iléeṣẹ́ jáde láti inú omi gbàgàdà. Alàgbà Nathaniel kà á sókè, ó yíjú sí Ìyá Lois. Ìyá Lois ní òun ò mú awò ojú òun wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, táńkì ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

Afárá ló wá pẹ́. Àwọn káfíńtà Ẹ̀pẹ́ kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí omi, ìṣó tán, òjò dé, ọkọ̀ tó ń kó pákó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Balqees bẹ̀ wọ́n, ó lọ jókòó tì wọ́n, nígbà tó yá, òun náà mú òòlù. Ó kan ìṣó mọ́ aṣọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní láti gé aṣọ náà kí ó tó lè dìde. Adélàjà kò mọ abẹ́ ohun tí òun máa kọ afárá sí nínú ìròyìn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olówó iléeṣẹ́. Nígbà tó yá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn: àwọn obìnrin ìjọ nínú aṣọ funfun, wọ́n ru garawa lórí afárá tuntun. Wọ́n fèsì pé àwọn ò tíì rí ibi tí iléeṣẹ́ àti ará ìlú ti gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀ rí. Adélàjà ka èsì náà fún Balqees, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní òun fẹ́ fi í ṣe máníjà lórí ilé ẹ̀rọ ọṣẹ tí àwọn fẹ́ kọ́ sí Ìkòròdú. Balqees jáde, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jó díẹ̀, ó wẹ ojú rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá náà, ó lọ sí Ìdáǹdè. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀. Nígbà tó fẹ́ wọkọ̀, Ìyá Lois fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ará ìsàlẹ̀ abúlé nìkan ni kò gbọ́.

"Ọmọ mi, ìkórè ọdún tó ń bọ̀ ti ń sún mọ́lé. Tí iléeṣẹ́ yín bá tún ní nǹkan tó fẹ́ gba orí ọ̀sà kọjá, ẹ jẹ́ ká tètè mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni a nílò báyìí."

Balqees rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe dé Ìkòròdú, ó wá ibi tí wọ́n kọ jẹnẹrétọ̀ sí nínú ètò ilé ẹ̀rọ ọṣẹ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú títì ló gbọ́dọ̀ gbà.